Omi Wo Ni Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù Ń Mu?

Agoè-Nyivé wà ní àríwá Lomé, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Atakpamé. Ọjà ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Assiyéyé. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Ewe ni "ọjà tuntun". Láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni alùpùpù ń lọ tí ń bọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ń gbé èrò. Zém ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn mìíràn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ẹrù ni wọ́n ń kó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan tí ń fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó àgbàdo. Kò tíì san owó ọkọ̀ náà tán. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń san án. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èéfín omi gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí yọ lára ẹ́ńjìnnì. Ó ti ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tí ó jẹ́ Nàgó bíi tirẹ̀.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá. Ọkọ̀ mi ń gbóná bí ààrò."

"Káàsán, àbúrò. Kí lo dà sí i kẹ́yìn?"

"Omi kànga ni, ọ̀gá. Nígbà tó tún dín, mo ra èyí tó pupa, mo dà á lé e. Wọ́n ní pupa ló dára jù."

"Kí ni wọ́n kọ sára ike rẹ̀?"

Ọmọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. "Mi ò kà á, ọ̀gá. Àwọ̀ rẹ̀ ni mo wò."

"Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọ̀ kì í sọ̀rọ̀, àbúrò. Ìwé ló ń sọ̀rọ̀."

Mẹkáníìkì dúró títí ẹ́ńjìnnì fi tutù, kí ó tó ṣí rédíétọ̀. Omi inú rẹ̀ ti di ẹrẹ̀.

"Bí o bá wà á báyìí dé Tsévié, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Ọkọ̀ á kú, gbèsè ò ní kú."

Ṣé alùpùpù yín ń mu omi?

Kì í ṣe gbogbo alùpùpù ló ń mu omi. Ọ̀pọ̀ zém ni afẹ́fẹ́ ń mú tutù. Ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ lára ẹ́ńjìnnì wọn. Ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde. Bẹ́ẹ̀ ni Honda CG125 tí ó jáde ní 1976 rí, àti ọ̀pọ̀ alùpùpù Ṣáínà tí wọ́n ṣe bíi tirẹ̀. Ọ́ìlì tó mọ́ ni irú èyí ń fẹ́. Ẹ sì máa fọ ẹrẹ̀ kúrò lára irin náà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí rédíétọ̀ àti rọ́bà omi, èyí ń mu omi. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta akẹ́rù wà nínú irú èyí.

Kí ló dé tí omi kànga kò dára?

Omi kànga ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú. Bí ó bá ń gbóná, iyọ̀ náà ń lẹ̀ mọ́ irin, bí nǹkan funfun tí ń lẹ̀ mọ́ inú ìkòkò tí a fi ń se omi. Díẹ̀díẹ̀, ó ń dí ọ̀nà omi. Omi lásán tún ń mú irin dípẹtà, ó sì ń hó ní 100°C. Omi ìtútù tí a rà ní oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kì í sì í tètè hó.

Ohun tí ẹ ó kà lára ike

Èdè Faransé ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́ ní Lomé:

1. "Liquide de refroidissement": omi ìtútù ẹ́ńjìnnì nìyí.
2. "Prêt à l'emploi": ó ti ṣe tán. Ẹ má bu omi là á.
3. "Concentré": ó ki. Ẹ bu omi là á bí wọ́n ti kọ ọ́. Ìdajì sí ìdajì ló wọ́pọ̀.
4. "Eau déminéralisée" tàbí "eau distillée": omi tí kò ní iyọ̀ ilẹ̀. Òun ni kí ẹ fi là á.
5. "Sans silicate": kò ní silicate nínú. Irú èyí ni Honda ní kí a lò fún alùpùpù, nítorí silicate lè tètè ba rọ́bà ìdí pọ́ǹpù omi jẹ́.
6. "Acide": ti bátìrì ni. Ó ń jẹ irin, ó ń jẹ ara. Kò gbọdọ̀ dé inú rédíétọ̀ láéláé.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń yan àwọ̀ tirẹ̀. Bí ẹ bá da irú méjì pọ̀, wọ́n lè dì bí ọ̀gì. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó wà nínú ọkọ̀, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan inú rẹ̀, kí ẹ tó rọ tuntun.

Ẹ ṣọ́ra!

Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó gbóná. Omi inú rẹ̀ lè ta sí yín lójú, kí ó bó yín lára.

Májèlé ni omi ìtútù. Glycol tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń pani. Ẹ má fi ẹnu fà á. Ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ má dà á nù sí ibi tí ọmọdé, ewúrẹ́ tàbí ajá lè dé. Bí ẹnikẹ́ni bá mu ún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ike náà dání.

Ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Kí ni ọmọkùnrin náà wò nígbà tó ń ra omi ìtútù? Kí ló yẹ kí ó wò?
2. Báwo ni a ṣe ń mọ alùpùpù tí kì í mu omi?
3. Èwo ni a ń bu omi là: "Prêt à l'emploi" tàbí "Concentré"?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ mú ike omi ìtútù kan wá sí kíláàsì. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sókè. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín.