Ogún Bàbá: Ṣé Ọmọ Obìnrin Ní Ìpín?

Bí bàbá bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ta ni dúkìá rẹ̀ tọ́ sí? Ní ọ̀pọ̀ ìlú nílẹ̀ Ìgbò, àṣà àtijọ́ ní ọmọkùnrin nìkan ni. Wọ́n ní ilé ọkọ ni ọmọbìnrin ń lọ, kò yẹ kó kó ohun ìní ìdílé dání lọ.

Bàbá Ìgbò kan tó ń jẹ́ Ukeje kú ní Èkó ní 1981. Nígbà tí wọ́n yọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kan kúrò nínú ogún, ó gba kóòtù lọ. Ìyàwó olóògbé àti ọmọkùnrin rẹ̀ ló pè lẹ́jọ́. Ẹjọ́ yìí kúrò ní Ilé-ẹjọ́ Gíga, ó dé Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó parí sí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní 2014. Àwọn adájọ́ ní àṣà tó bá fi ogún du ọmọ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin lòdì sí òfin. Ẹ wo bó ti pẹ́ tó lẹ́yìn ikú bàbá!

Abala 42 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ni wọ́n gbé ìdájọ́ náà lé. Ó ní a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ du ọmọ Nàìjíríà nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, tàbí pé ó jẹ́ akọ tàbí abo. Bí wọ́n ṣe bí ènìyàn kò gbọdọ̀ kó ìyà bá a. Nítorí náà, ọmọ tí bàbá bí síta náà ní ẹ̀tọ́.

Nílẹ̀ Yorùbá, àtọmọkùnrin àtọmọbìnrin ló ń jogún bàbá. Bàbá kan ní Èkó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n pín ogún rẹ̀ ní orí-òjorí, ìyẹn ọ̀nà mẹ́sàn-án. Àwọn kan ní ìdí-igi, ìyẹn ọ̀nà mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́, ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ilé-ẹjọ́ wa tó ga jù lọ wà nígbà náà, ní 1962, ìdí-igi ló sì borí.

Ẹ kíyè sí i: àwọn ọmọ ìyàwó ló gba ìpín, kì í ṣe ìyàwó fúnra rẹ̀. Àṣà wa ní ìyàwó kì í jogún ọkọ. Obìnrin lè bá ọkọ ra yanrìn àti sìmẹ́ǹtì, kó pọnmi fún bíríkìlà. Bí kò bá bímọ, ẹbí ọkọ lè lé e jáde. Ìwà ìkà gbáà ni lójú tèmi.

Ní 2014 yẹn kan náà, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbèjà opó kan ní Ìpínlẹ̀ Anambra tí wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé kò bí ọkùnrin. Ní tiwa, ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù ní ìpín lábẹ́ òfin. Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yín dáadáa. Ẹ jẹ́ kí orúkọ yín wà lórí rìsíìtì ilẹ̀ tí ẹ bá jọ rà. Bí owó lọ́yà kò bá sí, ẹ béèrè ọ́fíìsì Legal Aid Council ní ìpínlẹ̀ yín. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbèjà aláìní.