Ta Ni Oògùn Mọ́ Lára?

Bí oògùn apakòkòrò kò bá ṣiṣẹ́ fún ẹnìkan mọ́, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé "oògùn náà ti mọ́ ọn lára." Lára ta? Aláìsàn ni arọ́pò-orúkọ yẹn ń tọ́ka sí. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mò ń kọ́, n kì í ṣe onímọ̀ kòkòrò àìfojúrí, ṣùgbọ́n gbólóhùn yìí ń dẹ́bi fún ẹni tí kò jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ kí a lọ síbi tí kò sí aláìsàn kankan: yàrá tí NASA ti ń to ọkọ̀ tó ń lọ sí gbalasa òfuurufú. Asẹ́ ni wọ́n fi ń sẹ́ afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ a bora látorí dé ẹsẹ̀, wọn a máa fi sípírítì àti hydrogen peroxide nu nǹkan, nítorí àdéhùn àgbáyé ọdún 1967 kò fẹ́ kí a kó kòkòrò ayé lọ ba ibòmíràn jẹ́.

Síbẹ̀, kòkòrò wà níbẹ̀. Tersicoccus phoenicis wà lára wọn; "mímọ́" ni tersus ní èdè Látìn, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ mọ àwàdà. Wọ́n rí i ní Florida ní 2007, wọ́n tún rí i ní Kourou, French Guiana, ní 2009. Acinetobacter tí wọ́n rí níbi tí wọ́n ti to Mars Odyssey àti Phoenix ló yà mí lẹ́nu jù. Ní 2018, àwọn olùwádìí ṣàlàyé pé ó lè fi sípírítì ṣe oúnjẹ. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi lé e jáde, ó sọ ọ́ di ọbẹ̀!

Ta wá ni sípírítì mọ́ lára nínú yàrá yẹn? Kì í ṣe òṣìṣẹ́. Àwọn kòkòrò tí kò lágbára ló kú. Èyí tó ní àbùdá tó lè gbà á là ló ṣẹ́ kù, ó bí sí i, àwọn ọmọ sì jogún rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ṣe ń ṣa àwọn alágbára kù nínú ara wa. Acinetobacter baumannii, ìbátan ti inú yàrá yẹn, wà lára àwọn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tò sí ipò àkọ́kọ́ ní 2017 pé a nílò oògùn tuntun fún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ "mọ́ ọn lára" ti léwu nìyí. Ẹni tó gbà á gbọ́ á ní, "Èmi kì í lo oògùn, kò kàn mí." Bẹ́ẹ̀, irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ lè kúrò lára ẹlòmíràn wọ ara ọmọ tí kò gbé kápúsù kan mì rí. Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí mò ń ṣe fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, "kòkòrò aborí-oògùn" ni mo kọ.