Zátopek àti Ọ̀nà Tí Kò Rìn Rí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Òwe yìí rọrùn láti pa, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti tẹ̀ lé, pàápàá ẹni tí ó ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ kan, tí òkìkí rẹ̀ sì ti kàn káàkiri. Ojú a máa ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti béèrè ohun tí kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ kò sì tán síbẹ̀. Ẹni tí a bi léèrè ọ̀nà pàápàá lè ṣi ni lọ́nà. Kí ni kí àlejò ṣe nígbà náà? Ìtàn eré ìje kan tí a sá ní ìlú Helsinki ní ọdún 1952 lè la ènìyàn lóye lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Helsinki ni olú-ìlú orílẹ̀-èdè Finland, ní apá àríwá ilẹ̀ Yúróòpù. Níbẹ̀ ni ìdíje Òlíńpíìkì ti ọdún náà ti wáyé. Ọdún náà gan-an ni Nàìjíríà kọ́kọ́ rán àwọn eléré ìdárayá tirẹ̀ lọ sí ìdíje yìí, nígbà tí ó ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Lára àwọn tí ó wá láti ìlú mìíràn ni ọkùnrin ológun kan, ọmọ ọdún 29, tí ń jẹ́ Emil Zátopek. Ọmọ ilẹ̀ Czechoslovakia ni, orílẹ̀-èdè tí ó pín sí méjì ní ọdún 1993.

A kò bí Zátopek sínú ọlá. Ọmọ káfíńtà ni. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Bata ní ìlú Zlín, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe bàtà tí àwọn ará Nàìjíríà pàápàá mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Kò ní i lọ́kàn láti di sárésáré. Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá tí ń bójú tó eré ìdárayá níbẹ̀ tọ́ka sí òun àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, ó ní kí wọ́n lọ sáré ìje. Zátopek bẹ̀bẹ̀ pé ara òun kò le tó. Wọ́n mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ohun tí ó ṣe é. Bí ó ti lọ sáré nìyẹn, tí ó sì ṣe ipò kejì. Láti ọjọ́ náà ni eré sísá ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọ̀nà tí Zátopek gbà ń kọ́ ara rẹ̀ le púpọ̀. Yóò sáré kíkan fún mítà 400, yóò rọra rọ́ lọ díẹ̀, yóò tún sáré kíkan. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe é léraléra títí ọjọ́ yóò fi lọ. Nígbà mìíràn, bàtà ológun tí ó wúwo ni yóò wọ̀ sáré, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè fúyẹ́ ní ọjọ́ ìje. Bí ó bá ń sáré, yóò máa fa ojú ro, yóò máa mi orí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí inú ń run. Àwọn kan ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n kò bìkítà. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ dé òpin ni a ń fún ní ẹ̀bùn, kì í ṣe ẹni tí ìrìn rẹ̀ wuni.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, ọdún 1952, ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà nínú eré mítà 10,000. Ní ọjọ́ 24, ó gba òmíràn nínú eré mítà 5,000. Ní ọjọ́ kan náà yìí ni ìyàwó rẹ̀, Dana, gba wúrà tirẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ jíjù. Bí ẹlòmíràn bá ni, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò sì padà sílé pẹ̀lú ayọ̀. Ṣùgbọ́n Zátopek sọ pé òun yóò tún sáré kan, èyí tí wọ́n ń pè ní Márátọ́ọ̀nì, ní ọjọ́ 27. Kò sá eré náà rí láti ọjọ́ tí a ti bí i.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó dáwọ́ lé. Ẹni tí ó bá sá mítà 10,000 yóò yí pápá ìṣeré po nígbà 25. Márátọ́ọ̀nì jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195, ó ju ìlọ́po mẹ́rin èyí lọ, orí títì líle ni wọ́n sì ti ń sá a. Bí ọkọ̀ ṣe ń lo epo ni ara ènìyàn ṣe ń lo agbára tí ó tọ́jú pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ki. Ẹni tí ó bá sáré jù ní ìbẹ̀rẹ̀ lè ná agbára yìí tán ní ìwọ̀n kìlómítà 30, nígbà tí ọ̀nà ṣì kù púpọ̀. Nítorí náà, eré yìí kì í ṣe ti ẹsẹ̀ nìkan. Ti ìṣirò ni pẹ̀lú. Zátopek ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kọ́ ìṣirò náà. Bí ó bá sì kùnà, gbogbo ayé ni yóò rí i.

Ẹnì kan wà tí ó mọ ìṣirò ọ̀hún. Jim Peters ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú oṣù Kẹfà ọdún náà, ó sá Márátọ́ọ̀nì ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 20 àti ìṣẹ́jú àáyá 42. Kò sí ẹni tí ó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Zátopek gbèrò pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ̀nà ni ó yẹ kí àlejò wà. Kí ìje tó bẹ̀rẹ̀, ó wá Peters rí, ó kí i, ó sì sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un.

Nígbà tí ìje bẹ̀rẹ̀, Peters bọ́ síwájú pẹ̀lú eré àsápajúdé. Zátopek àti Gustaf Jansson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn méjèèjì lé e bá. Zátopek wá bi Peters bóyá eré tí wọ́n ń sá náà kò ti yá jù. Peters dá a lóhùn pé kò yá jù rárá, pé ó tilẹ̀ lọ́ra. Ohun tí ó sọ yìí kò bá bí ara rẹ̀ ti rí mu, nítorí pé ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Zátopek kò bá a jiyàn. Ó gba ọ̀rọ̀ náà bí ó ti gbọ́ ọ, ó sì fi kún eré rẹ̀.

Wọ́n ní nígbà tí wọ́n dé ibi tí a ti ń fún àwọn sárésáré ní nǹkan ìpanu, Jansson gba ọsàn kíkan díẹ̀. Ó wu Zátopek láti gba tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣe nínú ara ẹni tí ń sáré. Ó pinnu láti kọ́kọ́ wo Jansson: bí ó bá ṣe é lóore, òun náà yóò gbà ní ibi tí ó kàn. Kò pẹ́ tí Jansson fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni Zátopek dá nìkan wà níwájú, lórí ọ̀nà tí kò rìn rí, ní ìlú onílùú.

Ní ti Peters, pajápajá mú un lẹ́sẹ̀. Ní ìwọ̀n kìlómítà 32, kò lè lọ mọ́, ó sì fi ìje náà sílẹ̀. Eré àsápajúdé tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ó dá a dúró.

Ẹsẹ̀ ń dun Zátopek, àárẹ̀ sì mú un, ṣùgbọ́n kò dúró. Nígbà tí ó wọ pápá ìṣeré, gbogbo àwọn ènìyàn dìde, wọ́n ń ké orúkọ rẹ̀. Wákàtí 2, ìṣẹ́jú 23 àti ìṣẹ́jú àáyá 3 ni ó fi sá a, èyí tí ó fi ju ìṣẹ́jú 6 lọ dára ju èyí tí ẹnikẹ́ni ti sá rí ní Òlíńpíìkì. Ó tó ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí Reinaldo Gorno, ọmọ ilẹ̀ Argentina, tó dé. Jansson ni ó ṣe ipò kẹta. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Jamaica tí wọ́n ti gba wúrà nínú eré àsárépadà gbé Zátopek sí èjìká, wọ́n sì gbé e yí ká. Títí di òní, kò sí ẹlòmíràn tí ó tíì gba wúrà nínú eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí ní ìdíje Òlíńpíìkì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ́yìn ìje náà, òun kò lè rìn.

Àwọn kan yóò sọ pé orí ni ó gbè é. Lóòótọ́, ènìyàn kò lè kóyán orí kéré, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta hàn nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé Zátopek kò jẹ́ kí wúrà méjì tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dí i lẹ́nu, ó béèrè. Èkejì ni pé níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò bi, ó lo ojú rẹ̀. Ó wo ẹlòmíràn kí ó tó ṣe. Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù. Ìdáhùn Peters ì bá pa ẹni tí kò múra sílẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ yóò sáré síwájú, yóò sì ṣubú ní agbede ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Eré àsátúnsá tí Zátopek ti sá nílé àti bàtà ológun tí ó ti wọ̀ ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ì bá jẹ́ ìṣìnà di ọ̀nà ìṣẹ́gun fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ìlú kékeré wá sí ìlú ńlá láti kàwé wà ní irú ipò yìí. Bóyá òun ni ó ń ṣe ipò kìíní ní ilé-ìwé tí ó ti wá. Níbi tí ó dé, ẹ̀kọ́ gùn ju èyí tí ó mọ̀ lọ, ojúlùmọ̀ kò sì sí. Kí ó má ṣe tijú láti béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ àti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Kí ó máa la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó ti múra sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìdáhùn ẹlẹ́tàn kan kò fi ní lè gbé e ṣubú. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara ẹni ni a fi ń rìn ín.

ÌBÉÈRÈ

1. Báwo ni Zátopek ṣe bẹ̀rẹ̀ eré sísá?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín eré mítà 10,000 àti Márátọ́ọ̀nì?
3. Kí ni Zátopek bi Peters, kí sì ni ìdáhùn tí ó rí gbà?
4. Kí ni a rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọsàn kíkan tí Jansson gbà?
5. Kọ àròkọ kan lórí òwe yìí: ‘Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.’