Òkè Ìdànrè Kì Í Sá Lọ: Àṣírí Díẹ̀ Kó O Tó Gùn Ún

Àbúrò mi, sún mọ́ mi, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún ọ. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gun Òkè Ìdànrè, ibi ìsinmi àkọ́kọ́ ni mo ti fẹ́ yí padà. Àyà mi ń lù kì-kì-kì, orúnkún mi ń gbọ̀n, àwọn ọmọdé sì ń sáré kọjá lára mi. Ara mi le o. N ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń gun òkè ni. Ní báyìí, n kì í ka iye ìgbà tí mo ti lọ mọ́, ohun tí mo sì kọ́ lórí òkè yẹn ni mo fẹ́ tú sí ọ létí.

Mo mọ̀ pé o ti rí wọn lórí fóònù rẹ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkè òkun tí wọ́n ń rá pálá gun ògiri nínú gbọ̀ngán eré ìdárayá yunifásítì wọn. Ó wù ọ́, ó wu èmi náà. Ní 1964, Don Robinson, olùkọ́ eré ìdárayá ní Yunifásítì Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ri òkúta mọ́ ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa fi dánra wò nínú ilé. Eré gígun ògiri náà gbilẹ̀ títí ó fi wọ Òlíńpíìkì Tókíò ní 2021. Ṣùgbọ́n rò ó wò ná: òkúta ni wọ́n wá kiri kí wọ́n tó rí nǹkan gùn. Àwa tí a wà ní Akúrẹ́ àti Oǹdó, òkúta ló yí wa ká. Bó o bá wà ní yunifásítì FUTA, wọ ọkọ̀ Ìdànrè láti Akúrẹ́. Bó o bá wà ní yunifásítì UNIMED tàbí Adéyẹmí ní Oǹdó, kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ Akúrẹ́ ná. Òdòdé-Ìdànrè ni kó o ti sọ̀, ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà òkè wà. Wo kòkó tí wọ́n ń sá sẹ́bàá ọ̀nà bó o bá ń lọ. Mo fẹ́ràn ojú ọ̀nà yẹn púpọ̀.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Bàtà kánfáàsì tó ti mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ni kó o wọ̀, èyí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ tán. Má ṣe ra tuntun nítorí òkè, yóò bó ọ lẹ́sẹ̀. Gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, nítorí bó o bá ń sọ̀ kalẹ̀, iwájú bàtà ni gbogbo ìka rẹ máa ń sún sí. Èmi ò gé e nígbà kan, èékánná àtàǹpàkò mi dúdú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Irun ńkọ́? Dì í. Ṣùkú ni tèmi. Fi wíìgì sílẹ̀ nílé, kí òógùn má baà sọ orí rẹ di ìléru. Wọ ṣòkòtò tó ń nà àti bùrèsíà tó dì ọ́ mú dáadáa. Bó bá jẹ́ àkókò nǹkan oṣù rẹ ni, fi páàdì méjì sínú báàgì, kó o sì máa lọ. Òkè ò ní kí o má wá. Bákan náà ni mo ń sọ fún ẹni tó rò pé òun sanra jù: má dúró de ìgbà tó o máa fọn. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹni tó fọn àti ẹni tó sanra jọ ń gùn ún.

Fún ara rẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó o fi múra. Lójoojúmọ́, lóṣòó kó o sì dìde nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó o tó fọ eyín. Bó o bá ń fọ eyín lọ́wọ́, máa dìde lórí ìka ẹsẹ̀, kó o rọra sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ló ń mú iṣan ẹ̀yìn ojúgun le. Ẹ̀yin ọmọ FUTA, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn láàárín ọgbà Obakekere àti Obanla dípò kẹ̀kẹ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àtẹ̀gùn họ́sítẹ́ẹ̀lì náà wà níbẹ̀, kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti oúnjẹ, gbọ́ tèmi: mo jẹ iyán gun òkè lẹ́ẹ̀kan. Mi ò tún dán an wò mọ́. Ẹ̀kọ àti àkàrà ní ìdájí ti tó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà ni kó o gbé sínú báàgì, pẹ̀lú omi tó tó lítà kan àbọ̀. Kó ọ̀rá omi tó o bá mu tán padà sílé.

Wàyí o, ó kan gígùn fúnra rẹ̀, ibi tí mo ń fẹ́ kó o gbọ́ dáadáa. Ẹsẹ̀ ló ń gun òkè, ọwọ́ kọ́. Àwọn tó ń gun ògiri nínú ilé náà ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tuntun, nítorí ọwọ́ ni olúkúlùkù máa ń kọ́kọ́ fi fa ara rẹ̀, ọwọ́ a sì rẹ̀ kíákíá. Ní Ìdànrè, àtẹ̀gùn lé ní 600. Ẹlòmíràn á ní 660, ẹlòmíràn á ní 667. Ìwọ náà kà á, kó o sọ tìrẹ. Má ṣe fi irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn wọ́ ara rẹ lọ sókè. Gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, fi gìgísẹ̀ tì í, kó o jẹ́ kí itan ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Máa bá ọ̀rẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ bó o bá ń gùn. Bí o ò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí gúlegúle, o ti ń yára jù. Dẹ ẹsẹ̀. Àádọ́ta àtẹ̀gùn, èémí márùn-ún láti imú, o tún gbéra: bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà. Dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mu omi díẹ̀, ṣùgbọ́n má jókòó pẹ́ kí ẹsẹ̀ má baà gan. Ojú kì í ti ni láti sinmi.

Bó o bá dé orí àpáta tí kò ní àtẹ̀gùn, má ṣe fi ìka ẹsẹ̀ nìkan gùn ún. Tẹ́ gbogbo bàtà pẹrẹsẹ lé e, àpáta gbígbẹ máa ń di rọ́bà mú. Tó bá tutù, fi sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀gbẹlẹ̀, mo sì máa ń fẹ́ kí n ti wà lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Má dá lọ, má sì lọ láìsí afinimọ̀nà.

Lókè yẹn, wàá bá ìlú àtijọ́: ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba ìlú náà, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ní 1896 ni wọ́n kọ́ ọ, àti ojú ẹsẹ̀ kan lára àpáta tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn, èyí tí wọ́n ní gbogbo ẹsẹ̀ ló bá mu. Fi tìrẹ wò ó. Láti 2007 ni òkè náà ti wà nínú ìwé UNESCO, lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí wọ́n kà mọ́ ogún àgbáyé. Jọ̀ọ́, má kọ orúkọ rẹ sára òkúta. Ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn níbẹ̀ ni àwọn ìyá tó gbé ìlú yẹn: ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn, òkè kan náà.

Sísọ̀ kalẹ̀ ló ń jẹ orúnkún níyà. Tẹ orúnkún díẹ̀, gbé ẹsẹ̀ ní ìbúù, di irin ẹ̀gbẹ́ mú. Níbí gan-an ni irin ti wúlò. Lálẹ́, fi omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ fọ ẹsẹ̀, fi òrí pa á, kó o sì gbé e lé ìrọ̀rí. Ẹsẹ̀ yóò dùn ọ́ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà wàá máa bi mí pé ìgbà wo la tún ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fún ọ. Lálẹ́ òní, kó o tó sùn, lọ gun àtẹ̀gùn họ́sítẹ́ẹ̀lì rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.