Ìwọ tó ń lo oògùn HIV, má fojú di ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀

Ọmọ mi, oògùn ti tẹ kòkòrò HIV lórí ba lára rẹ, inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dàgbà gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọkàn rẹ̀, kí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ má bà á jẹ́. Fetí sí mi.

1. Ṣe àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kódà bí ara rẹ bá le koko. Kolẹ́sítírọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá náà, kì í dunni, kì í fa ibà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi di rọpárọsẹ̀.

2. Má tìtorí ọ̀rá pa oògùn HIV tì. Lóòótọ́, àwọn kan bíi lopinavir òun ritonavir máa ń gbé ọ̀rá sókè. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí a dá sílẹ̀ kì í jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sinmi, ìyẹn gan-an ń ba ọkàn jẹ́. Dókítà lè pààrọ̀ oògùn. Ìwọ má dá a dúró.

3. Má fi oògùn kan pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ fún ọ ní òmíràn, àgbo pẹ̀lú. Simvastatin, oògùn tó ń dín ọ̀rá kù, àti ritonavir kò gbọdọ̀ pàdé: ritonavir kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ fọ́ simvastatin dànù, á wá pọ̀ lẹ́jẹ̀ débi tí yóò máa jẹ ẹran ara, tí kíndìnrín á fi faragbá. Bí ojú bá ń tì ọ́ láti dárúkọ HIV láàárín èrò, na páálí oògùn sí apòògùn, kí o ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá wọ́n bára mu.”

4. Bí dókítà bá kọ oògùn ọ̀rá fún ọ, lò ó. Ìwádìí REPRIEVE, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023, tọ àwọn 7,769 tó ní HIV lẹ́yìn, láti ọmọ 40 ọdún dé 75. Oògùn ọ̀rá pitavastatin lójoojúmọ́ dín àìsàn ọkàn tó le kù ní ìdá 35 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá ọ̀pọ̀ wọn kò ga púpọ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

5. Dín ẹran ọlọ́ràá, awọ adìẹ àti bọ́tà kù. Má jẹ́ kí epo léfòó lórí ọbẹ̀ rẹ. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja ló yẹ ọ́. Máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀.

6. Ju sìgá nù. Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, sìgá lè gba ọdún lọ́wọ́ rẹ̀ ju HIV lọ.

Bí o bá tún dé kíníkì, béèrè pé, “Ẹ ti wo ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi?” Bí wọ́n bá ní kí o sanwó rẹ̀, san án. Owó àyẹ̀wò kò tó owó rọpárọsẹ̀.