Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń béèrè ohun tí a ti dáhùn?

Ìbéèrè: Èmi ni mò ń bójú tó ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB láti wọ yunifásítì. Mo ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gba kóòdù profile tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀, àmọ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè. Ṣé wọn kì í kàwé ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú sùúrù. Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Ìkíni àti àdúrà àràárọ̀ ti bo àlàyé yín mọ́lẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀rù sì tún ń bà wọ́n: ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni JAMB, àṣìṣe kékeré lè ná ọmọ ní odindi ọdún kan. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ìdáhùn lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ la ṣe tọ́ wọn.

Ẹ kọ àlàyé náà ní ṣókí: “Tẹ NIN, fi àyè sílẹ̀, tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ (NIN) rẹ tó jẹ́ díjíìtì 11, fi ránṣẹ́ sí 55019.” Ẹ so ó mọ́ òkè ẹgbẹ́ náà, WhatsApp gbà á fún 30 ọjọ́. Ẹni tó bá tún béèrè, ẹ tọ́ka sí àlàyé náà fún un, ẹ má bú u. Ọmọ tí a bá bú lónìí, ọ̀dọ̀ gbájúẹ̀ ni yóò ti lọ béèrè lọ́la.