Kí ẹ tó jẹ́ kí mẹkáníìkì yọ katalíìsì lábẹ́ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù yín

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kó gàrí, ẹ̀gẹ́ àti pákó láti apá Ọ̀dẹ̀dá àti Ìmálà wọ ìlú Abẹ́òkúta ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu mẹkáníìkì rí pé katalíìsì ló ń jẹ epo ọkọ̀ wọn, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun yọ ọ́ dànù. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó epo sì fò sókè, ọ̀rọ̀ náà tún wá ń dùn létí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń jèrè rẹ̀?

Katalíìsì ni àpótí irin kékeré tó wà lára páìpù èéfín, láàárín ẹ́ńjìnnì àti sáláńsà. Inú rẹ̀ rí bí afárá oyin, amọ̀ tí wọ́n sun bíi tánganran ni, wọ́n sì fi irin olówó iyebíye bíi platinum, palladium àti rhodium pa á lára fẹ́ẹ́rẹ́. Èéfín tó bá gba ibẹ̀ kọjá, títí kan carbon monoxide tó ń pani láìní òórùn, púpọ̀ nínú oró rẹ̀ á kúrò kó tó jáde síta. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi í sára ọkọ̀ káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ará Yúróòpù sì sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ bẹntiróòlù tuntun lọ́dún 1993.

Kì í kúkú ṣe pé àwọn mẹkáníìkì wa ya òmùgọ̀. Ara Peugeot 504, tí wọ́n ń tò ní Kaduna láti ọdún 1975, àti Datsun ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wọn ti kọ́ṣẹ́, kò sì sí katalíìsì lára àwọn yẹn. Yàtọ̀ sí èyí, epo ayé ìgbà náà ní òjé nínú, òjé yìí sì máa ń ba katalíìsì jẹ́ pátápátá. Ẹni tó yọ ọ́ nígbà náà lè rí àwáwí sọ. Àmọ́ nígbà tí ọdún 2006 fi bẹ̀rẹ̀, òjé ti kúrò nínú epo ní àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà. Àwáwí ti tán, àṣà náà ló ṣẹ́ kù.

Òótọ́ kan wà níbẹ̀ o. Katalíìsì tó ti dí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fà, pàápàá bó bá ru ẹrù gun òkè, ó sì ń fi epo ṣòfò. Ṣùgbọ́n èyí tí kò dí kì í jẹ epo. Ẹ ní kí mẹkáníìkì tú sẹ́ńsọ̀ tó wà níwájú katalíìsì kí èéfín lè gba ibẹ̀ jáde díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fà lójijì, ó ti dí nìyẹn. Bí kò bá fà, ibòmíràn ni kí wọ́n wò. Kódà bó bá dí, ohun kan ló dí i: púlọ́ọ̀gì tí kì í tan dáadáa, ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì, tàbí epo tó ń wọlé jù. Ẹni tó yọ katalíìsì tí kò tún èyí ṣe, àìsàn ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, epo á sì máa ṣòfò lọ.

Lẹ́yìn náà ni iná ẹ́ńjìnnì á tàn lójú dáṣíbọ̀ọ̀dù, nítorí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ katalíìsì. Àwọn kan á fi téèpù bò ó. Bí nǹkan mìíràn bá wá bàjẹ́, iná yẹn náà ló yẹ kó kìlọ̀ fún wọn.

Owó tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún 2021, ounce rhodium kan ta ju 25,000 dọ́là lọ. Ó ti wálẹ̀ gan-an lẹ́yìn ìgbà náà, síbẹ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù ṣì ń wá katalíìsì kiri, nọ́ńbà ara rẹ̀ àti irú ọkọ̀ tó ti wá ni wọ́n sì fi ń díye lé e. Ọlọ́kọ̀ tó ní kí wọ́n jù ú nù, tó tún sanwó iṣẹ́ fún ajórin, ó ta ọjà lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Ó tún máa ń dúpẹ́!

Bí páìpù tí wọ́n fi dípò rẹ̀ kò bá sì jó pọ̀ dáadáa, carbon monoxide lè gba abẹ́ wọ ibi tí awakọ̀ jókòó sí, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kútọ̀ tàbí Láfẹ́ńwá. Ìyàwó àti ọmọ tó jókòó ti awakọ̀ náà ń fà á símú. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin lórí èéfín ọkọ̀ lọ́dún 2011, àjọ NESREA ló sì wà fún un. Àjọ ECOWAS náà fẹnu kò lọ́dún 2020 pé ọkọ̀ tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ kún ojú òṣùwọ̀n Euro 4.

Àwọn tòkunbọ̀ kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ti gé tiwọn kí wọ́n tó wọkọ̀ ojú omi. Àwọn aláyẹ̀wò ilẹ̀ Netherlands rí irú rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì kéde rẹ̀ lọ́dún 2020. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sókè. Bó bá jẹ́ páìpù gbọọrọ tí wọ́n jó mọ́ ọn lẹ ẹ́ rí níbi tó yẹ kí àpótí irin náà wà, ẹ yọ iye tí òmíràn máa ná yín kúrò nínú owó tí wọ́n pè.